Délé, má tíì yá mi ní pátákó

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Ṣẹẹrẹ, 2026.

Délé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni? Ìyàwó ńkọ́, ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa wà níbí, àfi ọyẹ́ tó ti la ètè gbogbo ilé.

Káìtì kékeré tí o fi rán ẹ̀gbọ́n rẹ sí mi, kí n fi máa kọ́ eré orí omi yín tí káìtì ti ń fa èèyàn lórí pátákó, ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń gbé e lọ sí pápá ilé ìwé tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Màmá ní, “Ìwọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń kọ́lé, káìtì lò ń fà kiri?” Ẹ̀rín ni mo fi dá wọn lóhùn. Àwọn ọmọ àdúgbò ti ju tiwọn sílẹ̀, èyí tí wọ́n fi ọ̀rá àti ìgbálẹ̀ ṣe, wọ́n tò yí mi ká.

Bí káìtì yìí bá dúró gangan lókè orí mi, ó fúyẹ́, ọwọ́ kan tó o. Ṣùgbọ́n kí n fa apá ọ̀tún díẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀ gba iwájú mi níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, á já mi gìrì, ẹsẹ̀ mi á máa wọ́ iyẹ̀pẹ̀. Bó bá ti rìn kọjá dé ẹ̀gbẹ́, agbára rẹ̀ á tún rọ̀. Mítà onígun mẹ́rin 3 péré ni fífẹ̀ ìyẹn o! Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ti mítà 9 àti 12 lórí omi, tí okùn rẹ̀ gùn ju mítà 20 lọ, ẹ kú àyà. Mo sì ti mọ̀ pé ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: bí èèyàn ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń yan káìtì, bí atẹ́gùn bá sì ṣe ń le sí i ni káìtì ń kéré sí i.

Àwọn èèyàn rò pé inú omi niṣẹ́ wà. Lójú tèmi, atẹ́gùn niṣẹ́ náà, ìdí nìyẹn tí ọmọ Ajílété tí kò ní òkun fi lè bẹ̀rẹ̀.

O ní tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ ní South Africa lóṣù Èrèlé, ìwọ fúnra rẹ lo máa kọ́ mi. Délé, jọ̀ọ́, rárá. Mo mọ̀ ọ́ láti kékeré, o kì í ní sùúrù. Wá olùkọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí IKO, àjọ àgbáyé fún eré káìtì yìí, fún mi, èmi ni n ó sanwó. Bí a ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ káìtì ni kó kọ́kọ́ kọ́ mi: kí n ju ọ̀pá ìdarí sílẹ̀, bíyẹn ò bá ràn án, kí n ti ohun ìtúsílẹ̀ iwájú ìgbànú kí agbára káìtì lè kú, bó bá tún ń fà mí, kí n tú okùn kan tó kù tó so mí mọ́ ọn. Mo fẹ́ kí ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n débi pé n kò ní í wò ó kí n tó ṣe é. Lẹ́yìn náà, kí káìtì máa wọ́ mi lójú omi láìsí pátákó lẹ́sẹ̀, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe ń padà lọ mú pátákó tó bá bọ́. Pátákó ló kẹ́yìn. Má fi fídíò Òlíńpíìkì 2024 ti Marseille ránṣẹ́ sí mi mọ́. Àwọn yẹn náà kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi tó wà l'Ékòó ní kí n gbé káìtì wá sí etí òkun báyìí tí ọyẹ́ ń fẹ́. Mo kọ̀. Ìlà oòrùn àríwá ni ọyẹ́ ti ń wá, gúúsù sì ni òkun Èkó wà. Bí ọyẹ́ bá dé ibẹ̀, láti orí ilẹ̀ ló ń fẹ́ lọ sójú agbami. Ẹni tí káìtì rẹ̀ bá já nínú irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀, ta ni yóò bá a mú un bọ̀? Èyí tó ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ etíkun, tó rọra ń darí sórí ilẹ̀, ni kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ máa wá.

Ọpẹ́ yẹ àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Faransé, Bruno àti Dominique Legaignoux: káìtì tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí léegun, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1984, kì í rì bó bá já sómi, ó ṣeé gbé dìde padà.

Mo gbọ́ pé lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, omi Langebaan dákẹ́ ju ti Blouberg lọ, ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Bá mi wá aṣọ rọ́bà tó nípọn, omi yín ti tutù jù. Fèsì lórí olùkọ́ náà kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí o sì sọ bóyá láfún lo fẹ́ àbí èlùbọ́ iṣu. Màmá ló ní kí n bi ọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Kọ́lá.