Ìkéde: Iṣẹ́ Àṣetiléwá Lórí Kíláàsì Nínú Python

Sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kíláàsì kékeré kan ṣoṣo (ìyẹn àwòṣe tó kó dátà àti iṣẹ́ tí a ń fi dátà náà ṣe pọ̀ sójú kan) ni olúkúlùkù wa yóò máa fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ lọ́sẹ̀, nítorí a ti rí i pé iṣẹ́ ńlá tètè máa ń sú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Kíláàsì àkáǹtì owó ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe iye owó inú rẹ̀ ní _balance. Ìlà kékeré iwájú rẹ̀ yẹn ń sọ fún ẹlòmíràn pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láti ìta. Bí ẹni tó ní náírà 5,000 bá fẹ́ gba 7,000, kíláàsì náà fúnra rẹ̀ ni kí ó fi ValueError (àṣìṣe tí Python fi ń sọ pé iye tí a fún un kò bójú mu) dá a dúró, kì í ṣe kóòdù tó pè é. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìṣe.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbìyànjú rẹ̀ fúnra yín kí ẹ tó wo ti ẹlòmíràn.