Èémí tó ń jáde ni kó o kọ́kọ́ mójú tó

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ọkọ rẹ ti sọ fún mi pé dókítà ní o ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó máa ń mú kí èémí há, irú èyí tó ń ṣe èmi náà. Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Inú ẹ̀fín àdògán tí mo fi dín gàrí fún nǹkan bí ọdún 30 ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo pọ̀n ọ́ sí. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀fín igi lè ba ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí kò fẹnu kan sìgá rí jẹ́. Ó dùn mí púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ọdún kẹfà rèé tí èmi náà ti ń bá àìsàn yìí gbé, mo ṣì ń ná ọjà. Fetí sí mi.

Bí èémí bá ti ń há, ọkàn rẹ yóò máa sọ pé afẹ́fẹ́ kò wọlé. Wàá máa fà á kíkankíkan, èjìká á ga débi etí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èyí tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ ni kò rí ọ̀nà jáde, torí àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró ń pa dé kó tó jáde tán. Ilé tí èrò àná ṣì kún, níbo ni ti òní máa jókòó?

Nítorí náà, pa ẹnu dé, rọra fa èémí gba imú: ení, èjì. Wá ká ètè jọ bí ẹni tó fẹ́ súfèé, kó o fẹ́ ẹ síta: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Bí a ṣe ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná fún ọmọdé ni, kì í ṣe bí a ṣe ń fẹ́ná. Ètè tó ká jọ yẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀nà inú lọ́hùn-ún tètè pa dé. Bí o bá fi agbára tì í, o ti bà á jẹ́.

Ìgbà tí ara bá rọ̀ ọ́ ni kó o máa fi kọ́ra, láàárọ̀ àti lálẹ́. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, èémí há mi lọ́jà Jagun, ẹ̀rù bà mí, mo gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi lọ́sibítù. Ìyá aláta kan ló fún mi ní àpótí. Mo tẹ̀ síwájú, mo gbé ìgúnpá lé orúnkún, mo sọ èjìká sílẹ̀, nígbà náà ni mo tó rántí ení, èjì. Má jẹ́ kó bá ọ lójijì bẹ́ẹ̀.

Bí o bá fẹ́ gbé korobá omi, fa èémí sínú kó o tó bẹ̀rẹ̀, kó o máa mí síta bí o ṣe ń gbé e. Bákan náà ni lórí àtẹ̀gùn. Má sé èémí rárá.

Gbogbo èyí kò rọ́pò ínhélà, oògùn tí à ń fà sẹ́nu, tí wọ́n fún ọ. Bí ètè rẹ bá ń dà bí aró, tàbí tí o kò lè sọ gbólóhùn kan parí, má jókòó máa ka ení, èjì: kí wọ́n gbé ọ lọ sí ọsibítù kíá.

Ní ti gàrí dídín, mo bẹ̀ ọ́, kúrò nídìí iná yẹn. Máa tà á, kí ẹlòmíràn dín in ní gbangba tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Mò ń bọ̀ ní Ọ̀yọ́ ní Sátidé. Ẹsẹ̀ la ó jọ fi rìn láti ọjà Akẹ̀sán délé, wàá sì máa ka ení, èjì sókè kí n máa gbọ́.

Èmi ni ìyá rẹ.