Fóònù Ìyá Ìbejì ṣì wà lọ́dọ̀ mi

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ọ̀fà, ní Ìlọrin, níbi gbogbo tí lẹ́tà yìí bá ti bá yín,

Èmi ni, Ìyá Gánà aránṣọ. Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í kọ nǹkan gígùn sórí fóònù, ohùn ni mo máa ń fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ẹnu sọ èyí, èébú ni yóò máa bá a jáde.

Ọ̀kan nínú yín ló ya fídíò ìyá ìbejì tó máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí ìyá rẹ̀. Ó ní ẹ wo obìnrin yìí, ojoojúmọ́ ló ń wá cháàjì fóònù, ta ló ń pè? Ó ní amí àwọn ajínigbé ni. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, fídíò ti yí àdúgbò ká. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, obìnrin náà ti pọn ọ̀kan, ó ti fa èkejì lọ́wọ́, ó ti lọ. Fóònù ẹ̀ ṣì wà lórí cháàjì lọ́dọ̀ mi.

Ta ló ń pè? Èmi ló yẹ kẹ́ ẹ bi. Fóònù tọ́ọ̀ṣì ni, rọ́bà ló fi so ẹ̀yìn ẹ̀ kí bátìrì má baà já bọ́. Nọ́ńbà méjì ló wà nínú ẹ̀, èmi ni mo bá a tẹ méjèèjì sí i: ti ọkọ ẹ̀ àti ti ẹ̀gbọ́n ọkọ. Ọjọ́ tí àwọn agbébọn wọ abúlé wọn lápá Ìfẹ́lódùn, inú oko ni ọ̀nà òun àti ọkọ ẹ̀ ti yà. Tó bá ti tẹ nọ́ńbà ọkọ, á gbé e sétí, á máa gbọ́ obìnrin inú fóònù tó ń sọ pé wọn ò rí ẹni tó ń pè. Kì í pa á. Á gbọ́ ọ tán. Á ní, "Ẹ ṣé, Ìyá," á sì padà síbi ilé tí wọn ò tíì parí tí wọ́n ń sùn. Amí yín nìyẹn.

Ogúnléndé. Ṣé ẹ tiẹ̀ ń gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń wí? Ogun ló lé e dé. Kì í ṣe ànàmọ́ Ọ̀fà ló wá jẹ.

N kò sọ pé kí ẹ̀rù má bà yín. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Gbogbo wa la gbọ́ bí wọ́n ṣe wọ ṣọ́ọ̀ṣì CAC ní Èrúkù lọ́jọ́ 18, oṣù kọkànlá, 2025, tí wọ́n pa èèyàn, tí wọ́n kó méjìdínlógójì lọ kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Èmi kì í gbàgbé ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, nítorí òun náà ni ìjọba Gánà fi lé wa.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, ní Kumasi. Twi ni mo fi ń ṣeré, Yorùbá ni wọ́n fi ń bá mi wí. Lọ́jọ́ yẹn ní 1969, ìjọba Busia ní kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á tàbí kó kúrò, ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ará Ọ̀fà, ará Ìlọrin, ará Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo ọjà dàrú. Wọ́n ní àwa la gba iṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní àwa là ń kó dáyámọ́ńdì wọn sá. Àwọn tó jẹ bàbá mi lówó abọ́ tánganran kàn ń ka ọjọ́ ni, kí ó pé mẹ́rìnlá. Bàbá mi gbé ìwé gbèsè yẹn dé ilé. Títí ó fi kú, ó ń ka orúkọ inú ẹ̀ lálẹ́ bí ẹni ń ka wírìdì. Aládùúgbò wa kan, tí ìyá mi gbẹ̀bí ọmọ ẹ̀, ló ra maṣíìnì ìránṣọ lọ́wọ́ ìyá mi, ní iye tí kò tó owó ọkọ̀ wa dé Lome.

Láti Ìddó, rélùwéè ló gbé wa dé Ọ̀fà. Àbúrò bàbá mi kó jáde nínú yàrá ẹ̀ fún wa. Kò béèrè ìgbà tá a máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí n kò sọ fún àwọn ọmọ tèmi rí. Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Shagari náà ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé kúrò, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni. Ẹ̀yin ń gbé báàgì Gánà Mọ́sì Gò lọ ọjà, ẹ ò mọ ibi tórúkọ ẹ̀ ti wá. Aránṣọ ará Gánà kan wà ládùúgbò tí mo ń gbé ní Ìlọrin. Ó ní kí n ra maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ òun ní ọgọ́rin náírà. Mo ní ogójì. Ó yíjú sí ọmọ ẹ̀ tó ń sunkún, ó fi Twi sọ fún un pé kó dákẹ́, àwọn á ra òmíràn. Mo gbọ́. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo ka ogójì náírà.

Nígbà tí ìyá mi wá kí mi, ó ní, "Lọ́wọ́ ta lo ti rà á?" Mo sọ. Kò bá mi jà. Ṣùgbọ́n kò fi ẹsẹ̀ kan maṣíìnì yẹn títí Ọlọ́run fi gbà á, bẹ́ẹ̀ ìyá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ o.

Ẹ wá ń bi mí ta ló ń pè! Ẹ̀yin tí ẹ ń sùn sẹ́nu ọ̀nà físà, tí ẹ ń wá ẹni tí yóò gbà yín ní Kánádà! Bí wọ́n bá ya fídíò yín níbẹ̀ ńkọ́? Ìlọrin tí ẹ ń pè ní tiwa, ṣé kì í ṣe Yorùbá, Fúlàní, Hausa, Nupe, Kànúrí àti Bàrúbá ló pàdé níbẹ̀? Ọ̀fà gan-an, nígbà tí ogun kó o láyé àwọn baba ńlá wa, ṣé ojú ọ̀run ni wọ́n sá lọ? Ilé èèyàn ni.

Tí ara bá fu yín sí ẹnì kan, ẹ lọ bá baálé. Ẹ lọ bá fijilánté, kí wọ́n fi ọgbọ́n wádìí. Ojú obìnrin kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé sórí ẹ̀rọ. Àti pé ẹ yé pè wọ́n ní "àwọn wọ̀nyí". Ẹ béèrè orúkọ. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ti jẹun. Ẹ máa bu gààrí fún wọn, kì í ṣe èyí tó ti bu.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Àsárì, fóònù náà dún. Ohùn ọkùnrin ni, ariwo ọkọ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ìbejì?" Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo ní èmi kọ́, mo ní ó jáde ni, kó pè padà lọ́la. Ó béèrè bóyá ara àwọn ọmọ le. Mo ní ó le.

Ìwọ tó ya fídíò, ìwọ lo mọ ojú ẹ̀ jù. Gbé ọ̀kadà, lọ sí gáréèjì, béèrè ọkọ̀ tó wọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Owó epo wà lọ́wọ́ mi. N kò ní ti ṣọ́ọ̀bù lónìí títí Ìṣáà yóò fi kọjá.