Nígbà Tí Ikú Gbajúmọ̀ Bo Ọ̀ràn Gómìnà Mọ́lẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 2009, Mark Sanford, gómìnà South Carolina ní Amẹ́ríkà, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ní ó ń rìn lórí òkè Appalachian, jẹ́wọ́ pé ọ̀dọ̀ àlè òun ní Argentina ni òun lọ. Ọjọ́ kejì ni Michael Jackson kú, ni ọ̀rọ̀ gómìnà bá di ẹ̀yìn ìwé ìròyìn. N kò lòdì sí ìdárò olórin náà, ṣùgbọ́n ta ló ń ṣàkóso ìpínlẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí wọn kò rí gómìnà? Bí ikú gbajúmọ̀ bá gba ojú ìwé àkọ́kọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi akọ̀ròyìn kan ṣoṣo sílẹ̀ sídìí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Òǹkàwé yín ni mí.