Ẹ má tíì ra bọ́ọ̀dù tuntun, ẹ ka ohun tí kernel kọ ná

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi láyè díẹ̀, ohun kan wà tó ń jẹ owó àwa tá à ń ṣe bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Ìkòròdú níbí.

Ní Sábó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo ní kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan tí mo fi ń táìpù, Linux ló wà lórí ẹ̀ (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows; ọkàn ẹ̀ tó ń pàṣẹ fún gbogbo nǹkan là ń pè ní kernel). Àrá sán lọ́jọ́ kan, ibi tá à ń ki wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì bọ̀ lára ẹ̀ jó, ni mo bá ra káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, irú PCI tá à ń kì sínú slot lára bọ́ọ̀dù, mo kì í sínú ẹ̀. Àtọjọ́ náà ni mi ò ti sinmi. Màá ṣiṣẹ́ lọ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, máòsì á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fò, màá tì í síbí, kò ní lọ, ó di gìjà ó ti bẹ́ sọ́hùn-ún bí ọ̀pọ̀lọ́. Ìyá kan wà tó wá tẹ ìwé ètò ìsìnkú bàbá wọn, wọ́n dúró tì mí, wọ́n wò ó wò ó, wọ́n ní bọ̀dá, ṣé kì í ṣe pé àlùjànnú wà nínú ẹ̀?

Mo gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò tú u, ẹ̀ẹ̀kan péré ló tàn án, ó ní bọ́ọ̀dù (pákó ńlá tí gbogbo nǹkan inú kọ̀ǹpútà so mọ́) ti lọ, kí n mú 45,000 náírà wá. Mo ní ẹ jẹ́ n lọ wá owó (irọ́ ni mo pa, mi ò lówó tí mo fẹ́ wá níbì kankan).

Nígbà tí mo délé mo tẹ dmesg, àṣẹ tó ń fi ohun tí kernel kọ sílẹ̀ hàn, ohun tó wà níbẹ̀ rèé: irq 16: nobody cared. Nísàlẹ̀ ẹ̀ ó kọ Disabling IRQ #16, ìyẹn ni pé ó ti pa IRQ 16. Ẹ̀rín pa mí. Ẹnì kan ń pariwo nínú ilé, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ẹ fojú ilé face-me-I-face-you wò ó. Ohunkóhun tó wà lára kọ̀ǹpútà, ì báà ṣe kíbọ́ọ̀dù tàbí díìsìkì, ní bẹ́ẹ̀lì tó fi ń pe CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, pé ó yá, wá gbọ́ tèmi. Bẹ́ẹ̀lì yẹn là ń pè ní interrupt, IRQ 16 ni bẹ́ẹ̀lì tó ní nọ́ńbà 16. Bẹ́ẹ̀lì ò pọ̀, torí náà ayálégbé méjì mẹ́ta á máa lo ẹyọ kan. Tó bá ti dún, kernel á máa kanlẹ̀kùn àwọn driver (ètò tó ń bójú tó ẹrù kọ̀ọ̀kan), ṣé ẹrù tìẹ ló tẹ̀ ẹ́? Tí gbogbo wọn bá ní àwọn kọ́, tí bẹ́ẹ̀lì ò sì dákẹ́, kernel á máa kà á, tó bá dún ní 100,000 ìgbà tó sì ju 99,900 lọ nínú ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́, á já wáyà bẹ́ẹ̀lì náà dànù. Ilé dákẹ́ o, àmọ́ ayálégbé tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ náà ò ní bẹ́ẹ̀lì mọ́. USB tí máòsì mi wà lórí ẹ̀ nìyẹn. Kernel á wá máa yọjú wò ó bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ló sọ máòsì di ọ̀pọ̀lọ́.

Ìjà yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. IBM PC ọdún 1981, bẹ́ẹ̀lì 8 péré ló ní. IBM AT ọdún 1984 fi 8 kún un, wọ́n fi ọ̀kan so apá méjèèjì pọ̀, ó ku 15. COM1 àti COM3, ojú ihò tá à ń ki wáyà bọ̀ nígbà yẹn, jọ ń lo IRQ 4, tí máòsì bá wà lórí COM1 tí modem (ẹ̀rọ tó ń fi wáyà fóònù so kọ̀ǹpútà pọ̀) wà lórí COM3, kí modem máa tẹ nọ́ńbà báyìí, máòsì á gan pa. Ẹ̀mú la fi ń yọ jumper, nǹkan kékeré tá a fi ń yan nọ́ńbà bẹ́ẹ̀lì lára káàdì, nígbà yẹn, tó bá já bọ́ sílẹ̀ ká máa fi tọ́ọ̀ṣì wá a lábẹ́ tábìlì.

Mo ṣí /proc/interrupts, fáìlì tí kernel ti ń ka iye ìgbà tí bẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dún, mo rí orúkọ méjì lórí ìlà 16, ti USB àti ti káàdì tí mo rà, nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ wọn ń sáré bíi mítà ilé epo. Mo pa á, mo yọ káàdì, mo kì í sí slot kejì. Ó bọ́ sórí ìlà 18, òun nìkan. Ló bá di irq 18: nobody cared! Máòsì ń lọ geerege, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló kú. Ọwọ́ tẹ olè. Káàdì ni, bọ́ọ̀dù ò ṣe nǹkan kan. Mo ra káàdì mìíràn ní 5,000 náírà, ó parí.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ kọ irqpoll tàbí noapic, àwọn àṣẹ fún kernel, síbi tí Linux ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi dán an wò o, ẹ má fi í síbẹ̀ lọ títí. irqpoll á máa bi gbogbo driver léèrè nígbàkígbà tí bẹ́ẹ̀lì bá dún tí kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́, àti nígbàkígbà tí bẹ́ẹ̀lì aago inú kọ̀ǹpútà bá dún, másínì á fà, noapic ní tiẹ̀ á dá yín padà sí bẹ́ẹ̀lì 15 àtijọ́, á di gbogbo ẹrù lé CPU kan lórí. Àwọn másínì tuntun tó ń lo MSI kì í sábà ní wàhálà yìí, torí wọn kì í tẹ bẹ́ẹ̀lì, wọ́n á kàn kọ ìwé ránṣẹ́ ni. Àmọ́ kí ni àwa ń rà? Tòkunbọ̀ náà ni.

Olóòtú, ẹ bá mi bẹ àwọn ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ kí wọ́n fi dmesg han ọmọṣẹ́ wọn kí wọ́n tó fi sikurú-dúráifà lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ bá ráyè fún un nínú ìwé ìròyìn yín, kódà ìdajì ojú ìwé, á dáa.

Ìyá yẹn ti gba ìwé wọn, 200 ẹ̀dà, ìsìnkú ti kọjá. Tí wọ́n bá ti ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi báyìí wọ́n á dúró, wọ́n á ní, bọ̀dá, ó ti jáde lára ẹ̀?

Èmi ni,
Onítáìpù kan ní Sábó, Ìkòròdú