Kì í ṣe ọmọ yẹn ló sọ ife náà nù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín kú iṣẹ́. Ìròyìn kékeré kan tí ẹ tẹ̀ jáde lójú ewé eré ìdárayá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Ìròyìn náà dá lórí ìdíje àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún 15 lọ, èyí tí ikọ̀ àdúgbò wa níbí ní Iléṣà lọ gbá àṣekágbá rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n sì fìdí rẹmi nígbà tí ọ̀rọ̀ di pẹnáritì. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ kan ló sọ ife ẹ̀yẹ náà nù, ẹ sì dárúkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún 14 ni. Mo wà létí pápá lọ́jọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti ń bójú tó omi àti oúnjẹ àwọn ọmọ náà, ohun tí mo sì fi ojú ara mi rí kò bá ohun tí ẹ kọ mu.

Ayò méjì sí òdo ni àwọn ọmọ wa fi ń ṣíwájú nígbà tí wọ́n lọ sinmi, wọ́n sì gbá bọ́ọ̀lù tó dùn ún wò débi pé àwọn ará Ifẹ̀ pàápàá ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n kí ìdajì kejì tó dé àárín, ẹsẹ̀ wọn ti wúwo. Mo rí balógun ikọ̀ tó fọwọ́ lé orúnkún méjèèjì, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ru igi bọ̀ láti oko. Àwọn ọmọ Ifẹ̀ dá ayò kan padà, wọ́n tún dá ìkejì.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin fún ẹnikẹ́ni tó bá wa lọ. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni a ti kó àwọn ọmọ jọ, kí a lè tètè gbéra, kí wọ́n lè jẹun kí wọ́n sì sinmi kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́wàá kọjá kí ọkọ̀ tó ṣí, nítorí pé a ń dúró de ẹni ńlá kan tó ní òun fẹ́ bá wọn ya fọ́tò. Mo ti gbé àkàrà àti ẹ̀kọ dé, wọ́n sì ní kí n má tíì pín in, kí epo má bàa ta sí aṣọ tuntun tí àwọn ọmọ wọ̀ kí wọ́n tó ya fọ́tò náà. Mo gbà. Nígbà tí a fi máa dé Ifẹ̀, rẹfirí ti wà lórí pápá, omi nìkan ló sì wà nínú àwọn ọmọ náà nígbà tí wọ́n wọlé lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ mi ni oúnjẹ wà. Ó yẹ kí n pín in, n kò pín in. Bí ẹ bá máa ka àwọn tó jẹ̀bi, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ kà.

Nígbà tí ó kan pẹnáritì, ọmọ wa mẹ́ta ló sọ tiwọn nù, kì í ṣe ẹyọ kan. Aṣọ́lé Ifẹ̀ mú èyí àkọ́kọ́, ìkẹta fò kọjá lókè, ìkarùn-ún, tí í ṣe ti ọmọ tí ẹ dárúkọ yìí, ba òpó, ó sì padà sórí pápá. Òun ló gbá kẹ́yìn, ohun kan ṣoṣo tí ó fi yàtọ̀ sí àwọn méjì tó kù nìyẹn. Ẹni tó bá ti dàgbà tó láti rántí ọdún 1994 kò ní gbàgbé Roberto Baggio, agbábọ́ọ̀lù Ítálì, ẹni tó dá ayò wa padà ní ọjọ́ 5 oṣù Keje nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú méjì péré kí Nàìjíríà lé Ítálì kúrò nínú Ife Àgbáyé, tó sì tún gbá pẹnáritì tó lé àwa gan-an jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ 12, òun kan náà gbá pẹnáritì fò kọjá lókè nínú àṣekágbá pẹ̀lú Bràsíl. Títí dòní, Baggio ni gbogbo ayé sọ pé ó sọ ife náà nù. Wọn kì í rántí pé Baresi àti Massaro, tí wọ́n jọ gbá fún Ítálì, ti sọ tiwọn nù ṣáájú rẹ̀, àti pé bí tirẹ̀ bá tilẹ̀ wọlé, Bràsíl ṣì ní bọ́ọ̀lù kan tí wọn kò tíì gbá. Àgbàlagbà sì ni Baggio, bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ rẹ̀, owó ni wọ́n ń san fún un. Ọmọ tiwa ṣì wà ní JSS 3.

Bí bọ́ọ̀lù ṣe ba òpó ni àgbàlagbà kan láti àdúgbò wa, tó ní ọmọ tirẹ̀ nílé, kígbe mọ́ ọn pé, "Ìwọ lo bà á jẹ́! Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kì í ṣojo!" Àwọn mìíràn sì gbè é lẹ́yìn. Olóòtú, mo wà nítòsí nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá béèrè ẹni tí yóò gbá ìkarùn-ún. Àwọn tó jù ú lọ ń wo ilẹ̀. Òun nìkan ló nawọ́. Ta ni ojo níbẹ̀?

Bí a bá sì fẹ́ fi orúkọ Ìjẹ̀ṣà bá ọmọdé wí, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń wí. Bàbá tó bí mi lọ́mọ ṣe òwò òṣómàáló. Ó ń ta aṣọ láwìn kiri ìlú onílùú, bí àkókò bá tó, á padà lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè pé òun kò ní dìde títí òun yóò fi gba owó òun. Ohun tí a máa ń fi yangàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo rántí àwọn ọjọ́ tó padà wálé lọ́wọ́ òfo, tí ìyá mi gbé omi ìwẹ̀ fún un, tó gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, tí kò sì béèrè owó kankan lọ́wọ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó tún gbéra lọ lẹ́yìn náà. Ara òwò náà ni ìyẹn wà.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ títí a fi dé Òṣú, níbi tí awakọ̀ ti dúró kí a lè ra bọ̀ọ̀lì fún àwọn ọmọ. Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ àfi ọmọ tí ẹ dárúkọ yìí, tó jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá, tó gbé bàtà rẹ̀ sínú ọ̀rá lé ẹsẹ̀, tó sì kọjú sí fèrèsé. Aṣọ́lé wa, ọmọ tí ayò méjèèjì wọ ilé rẹ̀, padà gòkè, ó dá bọ̀ọ̀lì ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó fi ìdajì lé e lọ́wọ́, ó da ẹ̀pà díẹ̀ tì í, ó jókòó tì í, kò sì sọ ohunkóhun. Ọmọ náà di bọ̀ọ̀lì yẹn mú títí a fi wọ Iléṣà, kò jẹ ẹ́. Nínú gbogbo àwa tí a ti tó ọmọ bí nínú ọkọ̀ náà, kò sí ẹni tó ṣe ohun tí aṣọ́lé yẹn ṣe.

Ní ọjọ́ Ajé, akọ́nimọ̀ọ́gbá kó wọn jókòó sábẹ́ igi, ó sì ní kí oníkálukú sọ ohun tó dùn ún. Aṣọ́lé ní òun ló fa ayò kejì. Àwọn méjì tó sọ pẹnáritì nù sọ tiwọn. Balógun ikọ̀ ní ebi ń pa òun, ojú sì ti òun láti sọ ọ́. Àwọn ọmọdé ti ṣe tiwọn. Ọmọ tí ẹ dárúkọ nìkan ni kò wá, kò sì tíì wá títí di ọjọ́ tí mo ń kọ lẹ́tà yìí.

Mo lọ sí ilé wọn. Ìyá rẹ̀ ń sunkún bó ṣe ń sọ fún mi pé wọ́n ti ní kí òun mú un lọ fún àdúrà ọlọ́jọ́ méje, nítorí pé ayé ló so ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gba àdúrà gbọ́, n kì í sùn láìgbàdúrà. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ fún ọmọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ayé, a ti mú ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a sì sọ ọ́ di ohun tí yóò máa gbé kiri nínú ara. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ kí mi. Mo bi í nípa bọ́ọ̀lù. Ó ní, "Màmá, mi ò gbá mọ́." Mo wá sọ ìtàn Òlíḿpíìkì 1996 fún un, bí Bràsíl ṣe ń nà wá 3 sí 1, tí a rí pẹnáritì gbà, tí Okocha gbá a, tí Dida, aṣọ́lé Bràsíl, mú un, síbẹ̀ tí Ikpeba dá ọ̀kan padà, tí Kanu gbá méjì sí i, tí a sì gba àmì ẹ̀yẹ góòlù nígbẹ̀yìn. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Wọ́n ṣì ní àkókò, Màmá. Tiwa ti parí."

Òótọ́ ló sọ. Ìtàn kọ́ ni ọmọ yẹn nílò lọ́dọ̀ mi, n kò sì tún sọ òmíràn. Mo sọ fún un pé èmi ni n kò pín oúnjẹ lọ́jọ́ náà, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ wò mí lójú.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde pé ọmọ mẹ́ta ló sọ pẹnáritì nù, kì í ṣe ẹyọ kan, ẹ má sì ṣe tún dárúkọ ọmọdé fún irú nǹkan báyìí mọ́. Ẹni tó kígbe mọ́ ọn mọ ara rẹ̀, ẹni tó pẹ́ wá ya fọ́tò náà mọ ara rẹ̀. Ìgbáradì yóò bẹ̀rẹ̀ padà lọ́jọ́ Sátidé, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ dé ilé ọmọ náà, kí wọ́n sọ fún un níwájú òbí rẹ̀ pé kì í ṣe òun, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá sọ ọ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí pápá. Èmi yóò ti gbé àkàrà dé ní aago mẹ́ta, n ó sì ti pín in.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Iléṣà.