Ẹ Má Ju Òkú Adìyẹ sí Ajá àti Ológbò Mọ́

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda àyè díẹ̀ fún mi, kí n bá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀ lórí ikọ́ àti ọ̀fìnkìn tí ènìyàn àti ẹran ilé lè kó ran ara wọn.

Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní ọdún 2020, ará àdúgbò wa kan ní ìtòsí Sábó lé ológbò rẹ̀ síta, nítorí ó gbọ́ pé ajá kan ní Hong Kong kó àrùn náà. Bí ẹni pé orúkọ àjẹ́ tí a ti fún ológbò láti ọjọ́ yìí wá kò tíì tó o! Òótọ́ ni pé ajá náà kó kòrónà, ṣùgbọ́n ara ẹni tó ni ín ló ti kó o. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì sábà máa ń rí: àwa ni à ń kó o ran wọ́n, ológbò a sì máa tètè kó o ju ajá lọ. Lóòótọ́, ní ọdún 2021, ológbò kan tí àwọn tó ni ín ní àrùn náà sín sí dókítà ẹranko kan lójú ní Thailand, obìnrin náà sì kó o. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó lo ìbomú, ojú rẹ̀ nìkan ni kò bò. Nítorí náà, kí ẹni tí ikọ́ ń ṣe má gbé ológbò sùn, kí ẹlòmíràn sì máa bá a fún un ní oúnjẹ. Lílé ẹran síta kò wo ẹnikẹ́ni sàn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé wa gan-an ni ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù wà. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sorí kọ́, tí wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ wa a máa ju òkú wọn sí ajá, ológbò a sì wọ́ ìfun adìyẹ náà wọlé. A ó ní lùkúlùkú ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán ya lùkúlùkú sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀fìnkìn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní H5N1, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní ilẹ̀ Áfíríkà ní oko adìyẹ kan ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ní ọdún 2006. Ní Thailand ní ọdún 2004, ajá tó jẹ òkú pẹ́pẹ́yẹ tó ní àrùn yìí kú, ọ̀pọ̀ ẹkùn tí wọ́n fi adìyẹ tútù bọ́ sì kú pẹ̀lú. Ní Texas ní ọdún 2024, ológbò tó lá wàrà tí a kò sè láti ara màlúù tó ní àrùn náà kú, àwọn mìíràn sì fọ́jú kí wọ́n tó kú. Ọ̀fìnkìn ẹyẹ mìíràn, H7N2, ti ara ológbò ran dókítà ẹranko kan ní New York ní ọdún 2016, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣe é púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbẹ́ ihò tó jìn tí ajá kò lè hú, kí a fi ọ̀rá bọ ọwọ́ kí a tó gbé òkú adìyẹ, kí a má sì fi í rán ọmọdé. Bí púpọ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, kí a ké sí dókítà ẹranko ìjọba kí a tó sin wọ́n. Inú mi yóò dùn bí ẹ bá lè tẹ ìkìlọ̀ yìí jáde kí ọyẹ́ tó dé.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Ògbómọ̀ṣọ́.